Wọn Ò Tíì Da Pọ́dà Sí Ọ Lórí

Ifangni, ọjọ́ Àlàmísì

Samiratou, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kútọnu? Ọlọ́run á jẹ́ kí o jẹun ọwọ́ rẹ pẹ́, àmín. Àwa náà ń bẹ. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, àgbàdo wa yọmọ, ewúrẹ́ Albertine aládùúgbò wa sì ti jẹ èyí tó wà lọ́nà Daagbé, a ò tíì parí ìjà ẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń ní o wà ní reyúníọ̀n, ìpàdé ibi iṣẹ́ yín yẹn.

Ọmọ mi, láti ìgbà tó o ti sunkún lórí fóònù pé tó o bá kùnà láti mọ nǹkan tuntun yẹn kí oṣù tó parí, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rò ó. Níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n kọ́kọ́ ní kó o máa ṣe iwájú ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì táyé ń rí, o kọ́ ọ. Wọ́n ní ó ku ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́nìkan kì í rí, o kọ́ ọ. Ẹni tó rán iwájú tó rán ẹ̀yìn, ṣebí aṣọ ti parí nìyẹn. Wọ́n tún ní kó o máa ṣọ́ ọ kí olè má bàa wọbẹ̀. Nísinsìnyí ẹ̀rọ kan dé tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, wọ́n ní kó o máa darí rẹ̀, kó o máa tú ibi tó bá rán wọ́. Ọmọṣẹ́ nìyẹn! Ta ló ń gbé ọmọṣẹ́ fún ẹni tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́?

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Díplọ́ọ̀mù rẹ wà lára ògiri wa lóòótọ́, àmọ́ a ò gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ bá ọ̀gá rẹ, kò súre fún ọ, kò sẹ́ni tó da pọ́dà ìdásílẹ̀ sí ọ lórí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi dá mi sílẹ̀, pọ́dà wọ̀ mí létí, látìgbà náà kò sẹ́ni tó tún ní kí n kọ́ ohunkóhun. Àrà tuntun táwọn oníbàárà ń gbé wá lórí fóònù, èmi fúnra mi ni mo ń wò ó títí mo fi ń mọ̀ ọ́n rán, ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́.

Mo ti pe Mùsíọ̀ Régis ọ̀gá rẹ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká wá ṣe ìdásílẹ̀ rẹ. Ó ní òun náà ṣì ń kọ́ nǹkan ọ̀hún, pé ẹ̀rù ń ba òun gan-an. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nítorí náà, à ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi, bàbá rẹ àti ìmáàmù. Fi owó ọkọ̀ wa ránṣẹ́, àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Má sunkún mọ́. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, ìwọ ni mo bí, n ò bí iṣẹ́. Ọlọ́run á fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ, ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́.

Agolo pọ́dà méjì ni mo rà. Ọ̀kan ti ọ̀gá rẹ ni.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù