Àpótí Apá Òsì

Bàbá wa, ọjọ́ kejì tí ẹ lọ ni ìròyìn tí ẹ ń retí wọlé. Fóònù yín dún lórí tábìlì, àbíkẹ́yìn yín sì gbé e, torí pé òun ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fún yín ni. Kò tíì gbọ́ pé ẹ ti fi ayé sílẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n dá a lóhùn.

"Bàbá Elétí, ẹ káàárọ̀ o. Kapásítọ̀ yín ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e, kí n lè rí oorun sùn."

Àbíkẹ́yìn yín ní, "Bàbá ò sí nílé."

"Háà, ìwọ ni. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má pẹ́ o. Ipè wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí."

Ó ní òun á sọ fún wọn. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí yín ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọdún méjì rèé tí ẹ lọ. Ọdún méjì rèé tí ẹnikẹ́ni kò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa kó ní, "Ta ló ń lo fáànù tó ń ké yìí?" kó tó rántí pé òun ò tíì kí ará ilé.

Nǹkan ti yí padà. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ láìkùn, ọmọ yín àgbà ti kùn ún. Ọ̀dà tó rà kò bá ti iwájú mu, ó sì ń bá gbogbo wa jà pé ó bá a mu. Ọmọ-ọmọ yín tó ń rákò nígbà náà ti ń sáré. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ ni "Rárá," a sì mọ ẹni tó fi jọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún rédíò ṣe kò kú. Àbíkẹ́yìn yín ló ń ṣí i láràárọ̀. Fáànù àti ṣájà fóònù ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà àtijọ́ ṣì máa ń na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹ máa tó jáde láti inú yàrá kejì, kí ẹ máa nu ọwọ́ yín sára ṣòkòtò.

Sípíkà yín méjèèjì nìkan ni kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n dúró ní pálọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, bí àlejò tí a kò fún ní àga. Wọ́n ju àbíkẹ́yìn yín lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ máa ń sọ fún un pé kó máa kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá ń nu eruku ara wọn. Màmá kì í tàn wọ́n.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn yín ń bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ ṣàlàyé fún un pé pátákó kékeré kan wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó ń pín ohùn. Ohùn tó rinlẹ̀ ni ó ń rán lọ sí sípíkà ńlá ìsàlẹ̀, ohùn tín-ín-rín lọ sí kékeré òkè. Kapásítọ̀ tó wà lórí pátákó yẹn ló máa ń gbó. Ẹ ní kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà bíi gílóòbù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, títí akọrin á fi dà bí ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹni tó ń bá a gbé kò sì ní fura. Èyí tó dára tí ẹ rí kò ju ti àpótí kan lọ. Ẹ pààrọ̀ ti apá òsì, ẹ sì ń retí ti apá ọ̀tún.

Oṣù tó kọjá ni àbíkẹ́yìn yín tó ní okun láti tú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di kapásítọ̀ tó ti lọ gbé wá. Ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn apá òsì, kó lè wo bí ẹ ti ṣe é, kó ṣe ti ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yín mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí ẹ yọ́ síbẹ̀ láti fi lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó rí roboto, ó ń dán bí ojú ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, rèsísítọ̀ kékeré kan wà, funfun bí eyín ọmọdé, tó ń di sípíkà òkè lọ́wọ́ mú kó má baà pariwo. Lápá òsì, ẹ ti yọ ọ́. Wáyà lásán ni ẹ fi dí àyè rẹ̀.

Ó rò pé àìsàn tó mú yín lọ ló jẹ́ kí ẹ gbàgbé láti dá a padà. Ìyẹn dùn ún gan-an, pé ọwọ́ yín tún lè gbàgbé nǹkan. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bàbá Elétí gbàgbé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àfi kó jẹ́ ìwọ lo gbàgbé ẹni tó bí ẹ. Ṣe ọ̀tún bí wọ́n ṣe ṣe òsì, kí o sì mú ọwọ́ rẹ kúrò lára iṣẹ́ wọn. Òun ni ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe kẹ́yìn."

Ó wá bi Màmá, tí wọ́n ń ká aṣọ lórí àga wọn.

"Gbàgbé kẹ̀?" Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn. "Bàbá yín kọ́kọ́ fi í síbẹ̀. Orin ń dùn, mo ń gbọ́ ọ. Àwọn ni wọ́n ní ohùn òkè kò yọ. Wọ́n tú u, wọ́n yọ nǹkan náà. Wọ́n ní, 'Ìyá wọn, ó ti yọ báyìí, àbí kò yọ?' Mo ní ó yọ. Wọ́n ní, 'Ṣé ó dùn?' Mo ní ó dùn."

"Ṣé ó dùn lóòótọ́, Màmá?"

"Ó ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí, kí n wá sọ fún wọn pé etí ti ń lọ? Ọkọ mi ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀tá mi." Màmá ká ẹ̀wù kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. "Mo kàn gbé àga mi lọ sápá ọ̀tún ni."

Bàbá, gbogbo wa la rí àga náà níbẹ̀. A rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àyè yín.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò tàn án mọ́?"

"Ta ló kù tó máa bi mí bóyá ó dùn?"

Àbíkẹ́yìn yín ṣe ti apá ọ̀tún. Ó fi kapásítọ̀ tuntun sí i, ó sì fi nǹkan funfun náà sílẹ̀ ní àyè rẹ̀. Ó fi àwo orin tí Màmá fẹ́ràn sí i, ó jẹ́ kí ọ̀tún nìkan kọ. Màmá jáde láti ilé ìdáná, ọmọrí ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì lọ. Ó wá tan òsì mọ́ ọn. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ó dùn, ọmọ mi," wọ́n sì padà sí ilé ìdáná.

Ó mọ ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n kó tó lè dá nǹkan funfun kékeré yẹn padà sápá òsì, àfi kó yọ́ lẹ́ẹ̀dì yín. Tí iná bá ti kàn án, á di omi, á dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè fi ọwọ́ tọ́ka mọ́ pé èyí ni ti Bàbá. Ó ti ń ki irin tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bọ iná, ó tún ń yọ ọ́.

Bàbá Elétí, ilé yìí dákẹ́ jù láìsí yín. A ń wá ohùn yín ní ẹnu ọ̀nà, ní ṣọ́ọ̀bù, nínú gbogbo fáànù tó ń ké. Ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé súkúdíráfà yín láìsọ fún yín, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìdí nìyẹn tí àbíkẹ́yìn yín fi kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí apá òsì láàárọ̀ yìí, tí irin ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Bàbá mi, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kapásítọ̀ yín ti dé. Mo ti fi í sí apá ọ̀tún. Mo fẹ́ tú iṣẹ́ yín lápá òsì báyìí, kí n dá ohun tí ẹ yọ padà. Mo fẹ́ràn yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ló kù tó ń gbọ́ ọ. Etí wọn ni mo fẹ́ ṣe é fún."