Àpótí Iná Afọ́jú

Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Àpótí iná ni àpótí tí ń gba iná ilé, tí ń sọ ọ́ di irú iná tí ẹ̀rọ kan lè mu láìkú. Iná ilé ga jù fún ẹ̀rọ, ó sì ń lọ síwá-sẹ́yìn. Àpótí náà á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á darí rẹ̀ sójú kan, á sì tọ́jú díẹ̀ pamọ́, bí ìgbà tí a bá pọn omi sínú ìkòkò kí ó má baà dá nígbà tí gbogbo ilé bá ń bù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò yẹn là ń pè ní kàpásítọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún Ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kan ẹ̀rọ ìgbẹ́gi kan — irin, mọ́tò mẹ́ta, kọ̀ǹpútà tí yóò máa darí rẹ̀. Káfíńtà ogójì ọdún ni wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọn ò lè di ṣísẹ́lì mú mọ́. Bí ẹ̀rọ yìí ò bá ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù á tì. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n kàn ń ti ọwọ́ náà bọ àpò bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé.

Afọ́jú la sọ ẹ̀rọ náà. Mọ́tò rẹ̀ kì í ríran: ìṣísẹ̀ ló ń kà. Bí iná bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á ṣì í kà, á máa gbẹ́ òdòdó síbi ewé.

Mo ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ohunkóhun tó bá ń gbóná nínú àpótí iná, ọ̀tá ni. Ẹ wá a rí, ẹ yọ ọ́." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu mi. Ogún ọdún ni mo ti ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù — Mo-Ti-Ṣe-É-Rí ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí ohun tí kò tíì ṣe rí — gbé taransifọ́mà àlòkù wá. Irin tí wọ́n wé wáyà mọ́ nìyẹn, òun ló ń rẹ iná sílẹ̀. Ẹyin aáyán kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọ̀rá dúdú. Òórùn ohun tó ti jóná lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bi í pé fóòlù mélòó ló ń jáde níbẹ̀.

"Á tó, Tíṣà."

Á tó! Òǹkà tirẹ̀ nìyẹn. Mo dá a padà, mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Mo ra taransifọ́mà tuntun, ó dára. Mo ra kàpásítọ̀ méjì, wọ́n ga tó agolo mílíìkì. Mo wọ̀n wọ́n: wọn ò gba ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Mo fi ayùn la ọ̀kan. Kàpásítọ̀ kékeré bí àtàǹpàkò ló wà nínú agolo ńlá yẹn, wọ́n fi ìda àti bébà dí ìyókù. Ẹnì kan jókòó, ó ronú, ó yọ́ ìda, ó dà á. Ó fi ọgbọ́n orí ṣe é. Èyí ló ń rí mi lára jù.

Mo gbé e padà lọ fún ẹni tó tà á. Ó wo agolo tí mo là, ó wo ojú mi. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ní ń la ọjà tó rà?"

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣe àìdáa.

Ajé, ọjọ́ kejìlá

Mo rí ojúlówó. Mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀: fíúsì, wáyà ilẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ààdọ́rin fóòlù, kò mì. Mo fi rẹsítọ̀ funfun kan dábùú ẹnu kàpásítọ̀ méjèèjì. Bí a bá pa iná, iná ṣì wà nínú ìkòkò. Rẹsítọ̀ yìí ni ihò kékeré ní ìdí rẹ̀, tí ń jò ó dà nù. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ti sùn lórí àga. N kò jí wọn láti sọ ti rẹsítọ̀ náà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n pè mí ní kíláàsì. Mo sáré.

A ò tíì so àpótí mọ́ Afọ́jú, kò sí ohun tí ń mu iná inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pa iná, wọ́n yọ okùn lára ògiri, wọ́n fẹ́ fún ìdè kan le. Ọwọ́ òsì ni wọ́n lò — èyí tí kì í gbọ̀n. Iná kọ yẹ̀rì. Ó jẹ ẹnu sukurudiráfà bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ. Ìka méjì bó. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò ní sọnù, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lè lo ọwọ́ náà.

Mo ṣí àpótí. Rẹsítọ̀ funfun ti lọ. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀ féú, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Mo lọ bá Mo-Ti-Ṣe-É-Rí lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi.

"Èmi kẹ̀? Tíṣà, mi ò fọwọ́ kan àpótí yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dá aáyán mi padà."

Mo pòṣé, mo kúrò níbẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀, tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ò mọ̀. Wọ́n kó mi nírìíra.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ń bú wẹ́dà lọ níwájú Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n bú u tán. Wọ́n wá ní kí ìyàwó wọn bá àwọn yọ nǹkan nínú àpò ẹ̀wù. Rẹsítọ̀ funfun, wọ́n fi bébà wé e dáadáa.

"Mo fọwọ́ kàn án, ó ń gbóná, Àbúrò. Ìwọ lo ní tó bá ti ń gbóná, kí n yọ ọ́. Mo rò pé o gbàgbé ni. Mo ní kí n má yọ ẹ́ lẹ́nu."

Ìyàwó wọn ní, "Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń wá a. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n rí i."

Ẹni tó tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á.

Gbólóhùn mi. Ogún ọdún. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n fàlà sí i nídìí?

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mo bẹ wẹ́dà lójú àwọn oníbàárà kan náà. Ó ní kò burú, wọ́n ti purọ́ mọ́ òun rí. (Àní, ìyẹn náà!) Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi pé ohun tó gbóná ti bàjẹ́. "Níṣẹ́ tèmi, Tíṣà, tí irin ò bá tíì gbóná, a ò tíì bẹ̀rẹ̀." Ó tọ̀nà, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.

Mo fi rẹsítọ̀ tuntun sí i, mo kun ìdí rẹ̀ ní pupa. A so àpótí mọ́ Afọ́jú. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tẹ bọ́tìnnì. Ó gbọ̀n, kọ̀ǹpútà ò bìkítà. Òdòdó kan, ewé mẹ́rin, kò ṣi ẹyọ kan kà. Wọn ò ti ọwọ́ náà bọ àpò.

Mo fa ojú ewé tí gbólóhùn mi wà ya nínú ìwé ẹ̀kọ́ mi, ó ń rí mi lára láti wò. Èyí ni mo kọ rọ́pò rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí àpótí:

Pa iná. Yọ okùn lára ògiri. Dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi mítà wọn ẹnu kàpásítọ̀. Bí kò bá tíì dé òdo, má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí tó ní ọ̀dà pupa, fi í sílẹ̀ kó máa gbóná: iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí òmíràn bá ń gbóná, bèèrè kí o tó gé e.