Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún lórí omi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Daddy, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá láàárín èmi àti Màmá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ti sú yín. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, láti yàrá iwájú dé èyí tó kọjú sí kànga.

Màmá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti rí fọ́tò yẹn lórí fóònù Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ kò gbé ìpè mi mọ́. Mo pè láàárọ̀, mo pè lẹ́yìn ìsìn, mo pè lásìkò tí mo mọ̀ pé ẹ ti pa ẹ̀rọ tì. Á dún títí, kò ní sẹ́ni tó máa gbé e. Àǹtí Bùkọ́lá ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń béèrè: ta ni ọmọ yín ń kúnlẹ̀ fún lórí omi? Wọ́n ní ẹ sọ pé bí n kò bá tíì ní ìdáhùn, kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti pè. Mo wá rántí pé ìwé ìròyìn yìí lẹ máa ń kà bí ẹ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án, ẹ kì í sì í fò ojú ewé kankan. Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ilé àlejò kan létí òkun ní Pọ́túgà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń fọ aṣọ ìbùsùn, tí mò ń nu ilẹ̀. Ohun tí n kò ṣàlàyé fún yín rí ni irú àlejò tó ń wá síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń wá sùn. Wọ́n á wá fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á máa fi pátákó gígùn gun ìgbì òkun láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á máa na ara, wọ́n á máa ká ara, wọ́n á sì máa mí. Yóógà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi. Mo ní ẹni tówó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ jù ni yóò sanwó kí wọ́n tó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mí.

Ojú ọjọ́ ibí kò jọ tiwa rárá. Bí oòrùn tilẹ̀ ràn, afẹ́fẹ́ á tún máa gé èèyàn lára. Lásìkò òtútù, kùrukùru á bo òkun títí dọ̀sán, n kò ní rí nǹkan kan lójú fèrèsé, ariwo omi nìkan ni n ó máa gbọ́. Ìgbà yẹn ni àárò ilé máa ń sọ mí jù. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ kó máa dún sí mi létí bí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tó tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa níbi iṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi pé. Ti owó kò ni mí lára. Mò ń jẹ nínú rẹ̀, mò ń fi ránṣẹ́ sílé nínú rẹ̀, ọpẹ́ ni. Ìwé ìgbélùú mi tí kò tíì jáde ló ń ni mí lára. Bí mo bá jáde láìsí i, n kò ní lè wọlé padà, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ tó báyìí tí mo ti fojú kàn yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn débi pé èjìká mi le gbagidi, oorun kò wá mọ́, mo sì ń mí bí ẹni tó sáré dé.

Ọ̀gá mi ló ṣàkíyèsí pé n kò lè gbé apá sókè dáadáa láti sá aṣọ. Àlejò kan ránṣẹ́ pé òun kò lè wá mọ́, ni ọ̀gá mi bá ní kí n gba àyè rẹ̀, kí n bá àwọn tó kù ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ti òkun àti ti yóógà. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Màmá, omi ni mo rò. Ẹ̀yin àti èmi mọ irú omi tí a mọ̀. Nígbà tí a ń gbé Agílítì, kí a tó kó wá sí Alápẹ̀rẹ̀, omi tí a mọ̀ ni èyí tó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yin àti Daddy á gbé ẹ̀rọ lé orí tábìlì, tí ẹ ó sì gbé èmi náà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì kó àwọn ọmọdé lọ sí etíkun, ẹ kò jẹ́ kí n bá wọn lọ. Ẹ din ẹyin fún mi, ẹ fi sáàárín búrẹ́dì, kí n má baà sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èkó bíi tèmi kò fẹsẹ̀ kan omi òkun àfìgbà tó dé Pọ́túgà.

Màdáámù Lúsíà ni wọ́n ń pe olùkọ́ wa. Wọ́n jù yín lọ lọ́jọ́ orí, orí wọn ti funfun, ara wọn sì le koko. Bí a ṣe ń gun ìgbì ni pé èèyàn á dojú bolẹ̀ lórí pátákó, á máa fi ọwọ́ wa omi, bí ìgbì bá ti gbé e, á fọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, á sì dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Dídojúbolẹ̀ kò ṣòro fún mi. Títi ara mi sókè náà kò ṣòro. Orúnkún ni mo ti há. Màdáámù Lúsíà á dúró síwájú mi lápá ibi tí iyanrìn wà, wọ́n á máa ní kí n dìde. Bí mo bá ti gbójú sókè tí mo rí àgbàlagbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀, orúnkún mi kò ní kúrò lórí pátákó mọ́. Àwọn yòókù ń dúró, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ dé etí omi, bí ìyàwó tí wọ́n mú wá kí ìyá ọkọ. Ọ̀kan nínú ìgbà yẹn ni àlejò kan ya fọ́tò tí ẹ rí. Èmi fúnra mi ni mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Bùkọ́lá, mo rò pé yóò pa yín lẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Màdáámù Lúsíà bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí ni. Mo ní rárá o. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nílé wa, ọmọ kì í nàró gàǹgà síwájú ẹni tó bí i lọ́mọ. Pé láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń fi ọwọ́ tẹ èjìká mi títí orúnkún mi á fi kanlẹ̀ kí n tó la ẹnu kí ẹnikẹ́ni. Pé ó ti wọ̀ mí lára, n kì í mọ ìgbà tí mò ń ṣe é. Wọ́n wá bi mí pé kí ni orúkọ ìyá náà. Mo dárúkọ yín. Wọ́n gbìyànjú láti pè é, kò gún lẹ́nu wọn, wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yóógà náà, nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀yin àtàwọn ìyá ìjọ ń gbàdúrà lórí fọ́tò kejì tí mo fi ránṣẹ́, èyí tí mo ti dijú. Mo dúpẹ́ àdúrà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí n bọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó ní kí n pe orúkọ kankan. Wọ́n kàn ní ká fetí sí èémí wa ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màdáámù Lúsíà ní kí olúkúlùkù wá ògiri lọ, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri, kó má sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ tí ẹsẹ̀ yín wú, tí ẹ ó tẹ́ ẹní, tí ẹ ó gbé ẹsẹ̀ ti ògiri, tí ẹ ó ní kẹ́nikẹ́ni má dá sí yín. Àmì ẹsẹ̀ yín wà lára ọ̀dà ògiri yẹn. Èmi á wá sùn ti ẹ̀gbẹ́ yín, n ó gbé ẹsẹ̀ kékeré tèmi náà sókè, n ó máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Mo sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tán.

N kò ní purọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe mí lóore. Èjìká mi tú. Mò ń sùn báyìí bí ọmọ tuntun. Bí ìgbì bá ń bọ̀ lẹ́yìn èèyàn, kò sí àyè láti máa ro ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ẹ̀rín nìkan ni tàbí igbe. Ibi tí òkun bá sì so láàárọ̀, nínàra ìrọ̀lẹ́ á tú u. Àwọn tí mo ti máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún di àwọn tí a jọ ń mu omi iyọ̀, tí a jọ ń jókòó jẹun. Kò wo àárò ilé sàn o. Ó kàn jẹ́ kí n lè máa gbé e láìsí pé ẹ̀yìn mi ń tẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, Màdáámù Lúsíà kò dúró níwájú mi mọ́. Wọ́n gba ẹ̀yìn pátákó lọ, níbi tí n kò ti lè rí wọn, wọ́n tì mí sínú ìgbì, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Kò sí àgbà kankan lójú mi, àfi iyanrìn. Mo dìde. Kò pẹ́ tí mo fi já bọ́, mo sì mu omi yó, àmọ́ mo dúró, Màmá. Nígbà tí mo jáde nínú omi, fóònù ni mo sáré lọ gbé, láti pè yín. Ẹ kò gbé e.

Ìdáhùn mi wá rèé. Kì í ṣe omi ni mo kúnlẹ̀ fún, kì í sì í ṣe òyìnbó. Ọwọ́ yín ló ṣì wà léjìká mi. Gbogbo òkun yìí kò gbé e kúrò.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín àti ti Daddy sí fún mi. Kí ẹsẹ̀ yín má wú mọ́. Kí ìwé mi jáde kí n wá fi ojú ara mi rí àmì ẹsẹ̀ yẹn lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kun ún kí n tó dé. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn ìyá ìjọ, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ẹ ti tú gèlè, n ó pè. Bí inú bá ṣì ń bí yín, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn gbé e, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí ẹní, ẹ gbé ẹsẹ̀ ti ògiri, kí n máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ẹ kò ní rí mi, àmọ́ orí ìkúnlẹ̀ ni n ó ti máa retí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Títílayọ̀.