Bí Ẹ Bá Kígbe Níbẹ̀, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Agbo Ilé Ògúnjìmí,
Kuje-Amúwò, lẹ́yìn Festac Town,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Kíkẹ́lọmọ,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le, ṣé ọyẹ́ kò mú jù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣé àwọn ọmọ kíláàsì yín ti gba ìsinmi ọdún? Èmi wà láàyè. Mi ò ní kọ ọ́ pé àlàáfíà ni mo wà, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí ojú bá rí ni kí ọwọ́ kọ.

Ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ òní nìyí. Bàtà pupa onígìgísẹ̀ gíga, ẹyọ kan, lórí ọ̀dà. Bẹ́líìtì dúdú tí orí irin rẹ̀ ti wọ́. Irun dídì tó já, tòun ti awọ orí nídìí rẹ̀. Garawa irin tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Eyín iwájú kan nínú omi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Ẹ̀jẹ̀, láti ẹnu géètì Nọ́ńbà 5 títí dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ilé Bọ̀dá Ọlábánjí, àfẹ́sọ́nà yín, ni Nọ́ńbà 5.

Ẹ rán mi níṣẹ́ nínú lẹ́tà yín tó kọjá. Ẹ ní bí ó ti jẹ́ pé ọ́fíìsì wa la ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, tí a sì ń gba yàrá sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ ìlú òyìnbó, kí n bá yín wá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin àti Bọ̀dá Ọlábánjí ń lọ fi ọdún tuntun jayé, kí hòtẹ́ẹ̀lì náà wà níbi tí ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ijó, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà. Mo tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo ṣa méjì. Ọ̀kan wà láàárín ìlú gan-an, ilé ijó lápá ọ̀tún, tíátà lápá òsì, iná ò kú ládùúgbò náà tọ̀sán-tòru. Èkejì wà lẹ́yìn ìlú, igi yí i ká, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Bọ̀dá Ọlábánjí yà sọ́dọ̀ mi, ó wo àwòrán méjèèjì, ó sì fi ìka lé èkejì. Ó ní, “Èyí ni mo fẹ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní dá sí wa.” Inú mi dùn fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Ẹ mọ Bernice, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Lálẹ́ àná, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ijó kan lójú ọ̀nà ńlá Festac níbí. Kò rí ọkọ̀ wọ̀ mọ́ lóru, ó sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tó wọlé dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọ mọ́tò. Kò bá a wí, kò bi í léèrè. Ó tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó wé ẹnu awọ mọ́ ọwọ́, ó sì ń fi orí irin nà án, lójú, láyà, lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tí Bernice ṣubú, ó fi irun wọ́ ọ nílẹ̀. Ó ní, “Ṣebí ijó lo fẹ́? Ó yá, jó kí n wò ọ́.” Kò gbóhùn sókè rárá. Bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Àǹtí mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù lọ ló kàn. Ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wa ní kúlóòsì wa, òpópó kékeré kan nínú Festac, láti oríṣiríṣi ọ́fíìsì ni wọ́n ti kó wa wá sínú ilé tuntun, a kò tíì mọ orúkọ ara wa. Bernice ò mọ orúkọ ẹni tó máa pè. Nọ́ńbà ilé ló ń pè. “Nọ́ńbà fóò, ẹ gbà mí! Nọ́ńbà síìsì, ẹ gbà mí o! Nọ́ńbà éètì!” Mo rí kọ́tìnnì Nọ́ńbà 4 tó mì lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà 6 rọra ti ilẹ̀kùn. Àwa ni Nọ́ńbà 8. Bàbá Rosaline, ẹ̀gbọ́n màmá wa tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, yí rédíò sókè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò ni, kí n kúrò lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù jókòó sínú ilé rẹ̀. Èèyàn a máa jẹ́ orúkọ, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ nọ́ńbà.

Àwọn obìnrin Kuje ló gbọ́. Kuje ò ní ẹ̀rọ omi, nítorí náà àràárọ̀ ni wọ́n máa ń wá pọn omi lẹ́nu kúlóòsì wa. Oko ẹ̀gẹ́ ìdílé ọkọ wọn ni ilẹ̀ tí a kọ́ ilé wa lé lórí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ará oko ni Bàbá Rosaline ń pè wọ́n. Wọ́n da omi nù, wọ́n sáré wọ kúlóòsì pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ìyáalé wọn, Nùsírátù, ló ṣíwájú. Kò tíì wo ọkùnrin náà tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ní, “Ọmọ ìyá, kí ni wọ́n ń pè ọ́?” Ó ní Bernice. “Bẹníìsì, fà sẹ́yìn mi.”

Bọ̀dá Ọlábánjí rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló pe apọnmi sọ́rọ̀ ilé onílé, ó sì fi orí bẹ́líìtì gbá Nùsírátù lẹ́nu. Ibẹ̀ ni eyín yẹn ti jábọ́. Ni àwọn obìnrin yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa lu ọkùnrin náà, láti iwájú, láti ẹ̀yìn. Ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fa irin jáàkì yọ nínú búùtù, ó ṣẹ́ ọwọ́ òsì Nùsírátù. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, bí igi gbígbẹ. Tàwàkálítù, ìyàwó kékeré, gbé garawa tirẹ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn lórí, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀. Wọn ì bá pa á. Nùsírátù ló fi ọwọ́ kan tó kù dá wọn dúró, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. “Ó tó. Ẹ gbé ọmọ yẹn.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo jáde nílé. Mo kàn rí i pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ti gbé Bernice dé ojú ọ̀nà, Bọ̀dá Ọlábánjí náà sì ti ń rá pálá dìde, ó ń sọ pé gbogbo wọn ni òun máa fi mọ́tò tẹ̀ pa kí wọ́n tó dé Kuje. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó nawọ́ sí mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà: “Ẹ̀bùn, mú un wá.” Mo ní, “Rárá, sà.” Ó wò mí, ó sì fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò burú, àbúrò ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ á san án fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù.”

Mo sáré tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà. Agbo ilé wọn ní Kuje níbí ni mo wà látìgbà náà. Wọ́n ti pe oníṣègùn tó ń to eegun, ó ti di ọwọ́ Nùsírátù mọ́ igi. Ojú ọ̀tún Bernice ti wú pa, a ò tíì mọ̀ bóyá yóò ríran. Mo sọ ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yín fún un. Ó ní Sùúrùlérè ni àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀, àwọn aládùúgbò kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun ráyè na òun, wọ́n á ti máa kan ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tó fi du ilé Festac. Ó ní, “Ibi tó bá pa rọ́rọ́ ló máa ń yàn.”

Àǹtí mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ra aṣọ òtútù, mo mọ̀ pé màmá wa ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ni àgbà, ẹnu mi kò gbà á láti pàṣẹ fún yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán mi, mo jẹ́ ẹ. Mi ò gba yàrá sílẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Èyí tó wà láàárín ìlú pàápàá, àwọn àlejò tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mọ ara wọn.

Yàrá kan wà níbí, ògiri rẹ̀ kan ti Nùsírátù. Amọ̀ ni, kò sí iná, ẹnu kúlóòsì wa la ti ń pọn omi. Àmọ́ láti ibí sí ibi ijó Festac kò jìnnà, Tàwàkálítù sì ní òun á bá yín lọ, òun á bá yín bọ̀, torí òun náà fẹ́ràn ijó. Mo ti sọ orúkọ yín fún wọn. Nùsírátù ò lè pè é dáadáa pẹ̀lú ẹnu tó wú, síbẹ̀ ó ní kí n tún un sọ kó lè mọ́ òun lẹ́nu. Bí ẹ bá kígbe níbí, orúkọ yín ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn.

Ọlọ́run tó yọ Bernice kò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wọ inú ibi. Ilé tí ẹ máa gbé kò ní dá páropáro. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó jó, ẹ ó sì délé láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fojú sọ́nà,
Ẹ̀bùnlọlá.

Àfikún: Sùlàímọ́nù, ọkọ Tàwàkálítù, ló mú lẹ́tà yìí wá. Ó máa ń fi lọ́rì kó ẹrù láti Agboju lọ sí Ìjẹ̀bú. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má gbé ẹnì kankan síwájú nígbà tó bá ń padà bọ̀, kí ẹ lè bá a wá. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn wà ní ìsàlẹ̀ ṣáláńgá Kuje. Aago mẹ́ta òru ti lù kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bernice. Ní gbogbo ìgbà tó bá ta gìrì lójú oorun, mo ń pe orúkọ rẹ̀.