Màmá Àjọkẹ́ Nimotallahi Oyèbánjí (1937–1998), Ìyá Tó Pe Yésúfù

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ pésẹ̀ síbi àdúrà ogójì ọjọ́ yìí, ìdílé Oyèbánjí ti Lálúpọn kí yín. Ìwé yìí kò gùn, nítorí Màmá kórìíra àsọjù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la kọ. Ohun tí a kò mọ̀, a kò kọ ọ́.

Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ni wọ́n bí Màmá sí. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé Màmá ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nígbà tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi mú ọdún 1937. Akóredé, àgbẹ̀ oníkòkó, ni bàbá wọn. Gbọ́njúbọ́lá, tó ń ṣe láfún tà, ni ìyá wọn. Nínú gbogbo ọmọ tí Gbọ́njúbọ́lá bí, Màmá nìkan ló yè. Wọ́n dàgbà láìní ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré.

Màmá kò wọ ilé ìwé. Ilé kéwú ni wọ́n lọ, títí ìyá wọn fi ní kí wọ́n wá máa bó ẹ̀gẹ́. Ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta, wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Lálúpọn. Wọ́n mọ orúkọ ara wọn kọ, wọ́n sì mọ ìṣirò. Wọ́n ní èyí tí àwọn nílò nìyẹn, wọn kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1956, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Gàníyù Oyèbánjí, wọ́n sì bá a lọ sí Abà Oyèbánjí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyàwó ilé wa kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn obìnrin, Ìyá Àgbà Fàtímọ̀, ni Màmá sọ ní Ìbàdíàrán, títí dòní ni gbogbo àwọn ìyàwó ilé sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1958, bàbá ọkọ wọn, Yésúfù Oyèbánjí, jáde láyé. Kò pẹ́ sí i ni Màmá bí àkọ́bí wọn, ọkùnrin. Àwọn àgbà sọ ọmọ náà ní Yésúfù, orúkọ bàbá àgbà rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkómọ náà, Màmá kò lè fi ẹnu ara wọn pe ọmọ tí wọ́n bí lórúkọ. “Bàbá mi” ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Mùsílímátù àti Ọláníyì.

Iṣẹ́ Màmá ni oko. Nígbà tí ọkọ wọn kú ní ọdún 1981, wọn kò dá oko dúró. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n ń ṣe láfún. Wọn kì í jẹ́ kí iná jó láìsí ìkòkò lórí rẹ̀. Bí àlejò bá bu omi mu tó sì da ìyókù nù, Màmá yóò sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé èyí tó dà nù yẹn ì bá tó fi fọ ọwọ́.

Ní ọdún 1986, Yésúfù, tó jẹ́ wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lálúpọn, ó ní Kánò lòun ń lọ. Ní ọdún kejì, oníṣòwò màlúù kan mú ìròyìn wá pé òun rí i ní Agadésì, lọ́nà Líbíà. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn ará abà ń kó lọ sí ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ilé ibẹ̀, ilé Màmá nìkan ni èéfín ń tinú rẹ̀ jáde. Mùsílímátù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ọlọ́runṣògo, ní Ìbàdàn. Wọ́n ní, “Bí Bàbá mi bá dé, ṣé ilẹ̀kùn ni yóò wá máa kí?” Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin láti Òkè Ọya bá ń kọjá ni Màmá ń gbé láfún lọ tà ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà kò wá déédéé mọ́, wọn kò yí ọjọ́ padà.

Ní ọdún 1993, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Mọ́níyà, Múyì, tó ń fi kámẹ́rà fídíò ya ìkómọ àti ìgbéyàwó, fẹ́ ṣe sinimá tirẹ̀ nípa ìyá àgbà tó dá kù lábà. Ó ti rí Màmá ní Lálúpọn. Màmá kọ̀ fún un. Mùsílímátù ló sọ fún wọn pé kásẹ́ẹ̀tì fídíò máa ń dé ibikíbi tí Yorùbá bá wà, títí kan Kánò àti Agadésì. Nítorí èyí nìkan ni Màmá ṣe gbà: kí ọmọ wọn lè rí ojú wọn, kó sì wá sílé.

Nínú sinimá náà, tí Múyì pè ní Ẹni Tó Kù Lábà, Màmá ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n pe ọmọ wọn pé kó wá jẹun. “Bàbá mi o!” ni wọ́n pè é.

Múyì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bàbá pọ̀. Bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n ní Agadésì, orúkọ wo ni yóò fi wá a?”

Màmá ní, “Ìyá tìrẹ, ṣé ó ń pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Àbí inú páálí ni wọ́n ti rà ọ́ pọ̀ mọ́ kámẹ́rà yẹn? Ya èyí tí mo pè, kí o jẹ́ kí n lọ sá láfún mi.”

Ìyá Àgbà Fàtímọ̀ gbọ́, wọ́n sì fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú agbo ilé wa ní Lálúpọn: “Ìyàwó wa ti di òṣèré. Ó kù kí a máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kí a tó kí i.”

Ní ọdún 1994, wọ́n fi sinimá náà hàn níbi àjọ̀dún sinimá aládàáṣe kan tó wáyé ní Ìbàdàn. Màmá gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré obìnrin tó dára jù lọ. Àwọn yòókù tó gba ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà ní ará àti ọ̀rẹ́ tó ń sìn wọ́n jó lọ síwájú. Mùsílímátù àti Múyì nìkan ló tẹ̀lé Màmá. Ẹnikẹ́ni kò wá láti agbo ilé.

Wọ́n gbé makirofóònù sí Màmá lẹ́nu pé kí wọ́n dúpẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn rédíò wà níbẹ̀. Màmá wò wọ́n, wọ́n ní, “Ẹ ṣé. Yésúfù, Yésúfù Oyèbánjí, wẹ́dà, ọmọ Lálúpọn, ìyá rẹ ni. Wá sílé.” Ó di ọdún mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ti bí i kí wọ́n tó fi ẹnu ara wọn dá orúkọ náà. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni. Màmá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, wọ́n tún un sọ. Àwọn ènìyàn tún pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ dìde dúró. Lórí rédíò, “Ẹ ṣé” nìkan la gbọ́. Wọ́n ti gé ìyókù.

Ìròyìn dé agbo ilé ṣáájú Màmá pé ìyàwó pe orúkọ bàbá ọkọ ní gbangba. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà Fàtímọ̀ láti tọrọ àforíjì. Gbogbo ilé ń retí èébú.

Ìyá Àgbà ní, “Ìyàwó, ẹni tí o pè yẹn, ṣé ó jẹ́ ọ lóhùn?”

Màmá ní, “Rárá, Ìbàdíàrán, kò jẹ́ mi.”

“Kí lo wá ń kúnlẹ̀ sí fún mi? Dìde, kí o lọ tún un pè. Ẹnu kan kì í pe ọmọ tó lọ jìnnà.”

Màmá sì ń pè é láti ọjọ́ náà, ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn ìrun àsárì, kí wọ́n tó dáná. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ máa ń gbọ́ ọ. Pátákó ẹ̀yẹ náà ni wọ́n fi ń dé ìkòkò omi. Àwọn kan bínú sí èyí. Màmá kì í fi ohun tí kò ṣiṣẹ́ sínú ilé.

Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń gbá mọ́sálásí abà, kódà nígbà tí kò sí ẹni tó ń kírun níbẹ̀ mọ́ àfi àwọn fúnra wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ìyàwó kéékèèké ní Lálúpọn bí wọ́n ṣe ń ṣe láfún tí kì í rùn, wọn kò sì gba nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1998, Ọláníyì lọ sí abà, ó bá Màmá lórí ẹní ìkírun. Wọ́n ti ṣe àlùwàlá. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá nìwọ̀nyí: Yésúfù, Mùsílímátù, tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo, Ọláníyì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alákíà, Kifayah, Àdúràọlá àti àwọn ọmọ ọmọ mìíràn, àti Ìyá Àgbà Fàtímọ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a yọ Yésúfù kúrò, àwọn mìíràn ní kí a fi “olóògbé” síwájú orúkọ rẹ̀. A kò rí òkú rẹ̀. Ìyá Àgbà Fàtímọ̀ ní òun fúnra òun yóò ya ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsárì òní, kí a tó bu oúnjẹ, àwa ọmọ àti àwọn ìyàwó ilé yóò jáde sí ẹnu ọ̀nà, a ó sì pe Yésúfù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa pè é, kó dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Màmá, Ọlọ́run yóò tẹ́ ibùsùn ìrọ̀rùn fún yín. Ẹ ti pè é tó. Ẹ máa sùn, ó ku tiwa.