Àwọn Rìsẹ́pítọ̀ Àbẹ̀kẹ́

Òwu,
Abẹ́òkúta.

Haleemah Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Àwa náà ń dúpẹ́, àfi òjò tí kò jẹ́ kí àdìrẹ mi gbẹ láti ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní rìsẹ́pítọ̀ lo ń tò sórí wúrà, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá àìsàn mọ̀ bó bá ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì dì í mú. Mo mọ̀ wọ́n! Ṣebí àwọn náà ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà, tí wọ́n ń bi èèyàn pé ta lẹ fẹ́ rí. Mi ò kàn mọ̀ pé ó ní èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni.

O ní tẹ́lẹ̀, wọ́n wà wúruwùru, òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn kẹ̀yìn sí ọ̀nà, àìsàn á sì kọjá láìsí ẹni tó rí i. Òótọ́ lo sọ. Èyí tí mo bá ní Ìbarà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kẹ̀yìn sí mi, ó ń tẹ fóònù, mo kí i títí ó fi rẹ̀ mí. Ìwọ wá so ẹsẹ̀ àwọn tìrẹ mọ́lẹ̀, o tò wọ́n bí sàfù àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn kọjú síbi kan, àfi pé o ò jẹ́ kí wọ́n fún mọ́ra jù, wọ́n wá ń rí àìsàn tó kéré jù lọ. Orí mi wú! Mo sọ fún Azeezat tó ń gbé nítòsí wa pé ó yẹ kí ìjọba pè ọ́ wá so ti Ìbarà náà.

Ọ̀rọ̀ bàbá yín ló mú mi kọ̀wé. O mọ̀ pé àìsàn kíndìnrín ló pa Mùsílíù ẹ̀gbọ́n wọn, tí dókítà ò tètè rí i. Láti ìgbà náà, bàbá yín ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀jẹ̀ àwọn fún àyẹ̀wò, ẹsẹ̀ wọn sì ti ń wú báyìí, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Lẹ́yìn tí o pè, wọ́n bi mí bóyá ọwọ́ rẹ lo fi to àwọn rìsẹ́pítọ̀ yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo ìka wọn títí, wọ́n ní àwọn á nà án fún ọmọ àwọn.

Torí náà, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kíákíá, kí ọkàn wọn tó yí padà. Bí wúrà yẹn bá ṣẹ́kù, rántí etí mi. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì ń dán iṣẹ́ yẹn wò, má sọ fún bàbá yín o. Mú wọn lọ sí ọsibítù gidi, kí o ṣáà dúró tì wọ́n, kí wọ́n máa wò ọ́. Ìwọ ni wọ́n gbọ́kàn lé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já ọ kulẹ̀, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ìyá rẹ,
Bùsírátù.