Léèsì Tí Mo Fi Ṣe Èènì

                                        Ojúlé 18, Valence,
                                        Dagenham,
                                        Lọ́ńdọ̀nù.
                                        9 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Kíkẹ́lọmọ mi, ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ìjì ṣí òrùlé yín lóṣù tó kọjá. Ẹ kú àfaradà, Ọlọ́run yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Tiwa níbí, ara le, òtútù nìkan ló dé kí á tó múra sílẹ̀ fún un. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́, bí fóònù bá sì ti ń dún báyìí lẹ́kún á gbọ̀n mí, mo sì ń pa á.

O rántí Ànáhítì, obìnrin ará Àméníà tí mo máa ń bá ta ọjà ní Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi ju ilé ìdáná rẹ lọ, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe nílùú wọn ló ń tà: ṣíbí onígi, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, àwo amọ̀, oyin, ọṣẹ, ewé tíì tí wọ́n já lórí òkè, àti èso kan tí wọ́n sá gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àgbálùmọ̀. Ó ń ta léèsì pẹ̀lú. Kì í ṣe irú èyí tí èmi àti ìwọ ń rà ní ọ̀pá ọ̀pá o. Abẹ́rẹ́ àti òwú lásán ni wọ́n fi ń ta á ní kókó kókó títí yóò fi tó àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé ife lé. Ẹyọ kan lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin náà fẹ́ràn mi. Kí n tó bọ́ kóòtù ni yóò ti bu tíì fún mi.

Ní Sátidé tó kọjá, ó lọ gba ẹrù ní Castle Green, ó fi èmi nìkan sílẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde ni obìnrin Yorùbá kan wọlé. O mọ bí inú mi ṣe ń dùn tí mo bá gbọ́ èdè wa. Ó ra aṣọ tábìlì, ó ra oyin méjì, ó ní ìyá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó yín níbẹ̀ lòun ń rà á fún, pé ọjọ́ Ajé lòun ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, kóun lè bá wọn ṣe ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún ní ìjọ Kérúbù wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Owó bébà ló san. Nígbà tó san án tán, ó dúró, ó ń wo ojú mi.

"Aunty mi, èènì ńkọ́? Ẹ fi jára sí i now, we're family."

Kíkẹ́, ọmọ alátẹ ni mí. Ìyá mi ta iyọ̀ títí tó fi kú, kò sì sẹ́ni tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gba èènì. Ojú tì mí. Gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ló ní iye lára, mi ò sì lè fi ọjà ọlọ́jà ṣoore. Ni mo bá rí agolo bisikíìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ànáhítì. Léèsì kan wà nínú rẹ̀, kò tíì parí, kò níye lára, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu òwú rẹ̀. Mo ní àjákù ni, bí a ò bá fi àjákù ṣe èènì, kí la fẹ́ fi ṣe é? Mo já òwú, mo yọ abẹ́rẹ́ kó má baà gún un lọ́wọ́, mo fi há ọrùn aṣọ mi, mo sì di léèsì náà mọ́ ẹrù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi gan-an dùn.

Ìyá Ànáhítì ló ń ṣe léèsì náà. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ lóṣù Kejì ni ikú mú un, lórí àga yẹn. Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ náà, kò sì sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tó dé tó ṣí agolo, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó, ó bi mí pé kí ló dé, mo sì fẹnu ara mi ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní èènì. Ó ní ìyá òun náà máa ń ṣe é, pé bó bá ta léèsì tán lọ́jà wọn, á bu èso gbígbẹ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo na abẹ́rẹ́ sí i, kò gbà á. Ó ní kí n mú un dání títí léèsì á fi padà. Kò lé mi, àmọ́ kò bu tíì fún mi mọ́. Wọ́n ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n, èyí náà ò sì tù mí nínú.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bọ̀dá Dávídì ìjọ wa, tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ ní Sátidé. Ọjọ́ Ìsinmi ni ìdúpẹ́ náà. Mi ò mọ orúkọ wọn, àmọ́ ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé kò lè pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ aṣọ àdúrà rẹ, kí o wá wọn kàn. Mo mọ̀ pé a kì í gba èènì padà. Bí ìyá mi bá wà láyé ni, kò ní jẹ́ kí n kọ irú lẹ́tà yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tútù ni kí o fi bá wọn sọ ọ́, irú èyí tó ń yọ obì lápò. Sọ fún wọn pé ìyá kan ló ń ṣe é lọ́wọ́, kò sì parí ẹ̀.

Bá mi kí bàbá Ìmọ́lẹ̀ àti Wúrà àbúrò rẹ. Bí ìyá náà bá kọ̀, má bá wọn jà, ó ti di tiwọn. Sáà yà á ní fọ́tò fún mi, kí o sún mọ́ ibi tí òwú ti já dáadáa, kí Ànáhítì lè rí ibi tí ìyá rẹ̀ bá iṣẹ́ dé.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wojú rẹ,
                                        Oyèyẹmí.